Ejìnrìn Ojú Fèrèsé

Ilẹ̀kùn ti tì kí Ìbíyẹmí tó bojú wẹ̀yìn. Kò pariwo. Àwọn tó ṣe ilẹ̀kùn àká, ilé alájà gíga tí gbogbo wọn ń gbé, kò jẹ́ kó máa pariwo, bóyá kí ojú má baà ti ẹni tí wọ́n tì mọ́lé. Ó gbé ìdì ewé tíì tó mú lọ́wọ́ sórí tábìlì, ó sì kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ́jú, Màmá. Ara ńkọ́?"

"Ara ń gbóná. Kí lo tún fẹ́ kó máa ṣe?" Ìyá Dìran fèsì láti abẹ́ aṣọ tó dà bo ara rẹ̀. Eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò ṣàìsàn. "Ìgbà tó wù ọ́ lo dé."

Lókè ilẹ̀kùn, ojú kan là lára ògiri, ó ní ìmọ́lẹ̀ kékeré bíi ti iná fìtílà. Ẹlẹ́rìí ni, ẹ̀rọ ìjọba. Kò sí yàrá nínú àká tí kò ní tirẹ̀, wọ́n sì ti kọ́ ọ ní ọ̀wọ̀ débi pé ó ń pe ọmọ ọwọ́ ní "ẹ̀yin".

"Ẹ káàárọ̀ o," ni Ẹlẹ́rìí wí. "Mo rí aláìsàn, mo sì rí ẹni tó mú ewé wọlé. Ta ni yóò fúnni lóògùn?"

"Èmi ni. Ìbíyẹmí, ìyàwó ilé."

"Ta ni yóò gbà á?"

"Ṣé o rí ẹlòmíràn tó ń gbọ̀n níbí ni?" Ìyá Dìran dá a lóhùn.

"Mo dúpẹ́. Ẹ̀yin tó ń fúnni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òfin kí n gbọ́."

Ìbíyẹmí ti há a sórí láti kékeré, bí gbogbo ọmọ àká ṣe há a. "Ẹni tó bá fúnni lóògùn ni yóò kọ́kọ́ mu ún, ife kan náà, ìwọ̀n kan náà. Ilẹ̀kùn kò ní ṣí títí ara aláìsàn yóò fi rọ̀."

"Bí aláìsàn bá wá kú ńkọ́?"

"Ẹni tó fún un lóògùn ni yóò dáhùn fún un."

"Ẹ ṣeun," ni Ẹlẹ́rìí wí. Ògiri lanu, ife méjì yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìdérí irin. Ti ẹni tó ń fúnni ni yóò kọ́kọ́ ṣí. Bí kò bá mu ún tán, ti aláìsàn kò ní ṣí láéláé, bó tilẹ̀ fi òòlù lù ú.

Nígbà tí Ìyá Dìran wà lọ́mọdé, hóró oògùn ṣì ń wo ibà. Ìtàn tó fẹ́ràn jù nìyẹn: o lo hóró méjì, o sùn, ilẹ̀ mọ́, o sì béèrè oúnjẹ. Nígbà tó yá, ibà mọ hóró lójú, kò bẹ̀rù rẹ̀ mọ́, ayé sì padà sídìí ewé. Àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ dìde, wọ́n ń gbo koríko lásán tà, èèyàn ń kú bí ẹyẹ. Ìgbà náà ni ìjọba rántí ohun tí gbogbo arúgbó ti ń ṣe látọjọ́ tó ti pẹ́: ẹni tó gbé àgbo fúnni a kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú ẹni tí yóò mu ún. Wọ́n mú àṣà yẹn, wọ́n fi ilẹ̀kùn irin sí i.

"Kí lo gbé wá?" Ìyá Dìran béèrè.

"Ewé tíì ni, Màmá, pẹ̀lú èèpo ọ̀pẹ òyìnbó."

"Ewé tíì." Ó yí ojú sí ògiri. "Ewé tíì là fi ń gba àlejò. Ibà tó wà lára mi yìí kì í ṣe àlejò, ó ti gba kọ́kọ́rọ́ ilé. Wo ojú fèrèsé."

Ìbíyẹmí kò fẹ́ wò ó. Ó ti rí i láti ìgbà tó ti wọlé. Ejìnrìn ti fà láti ẹsẹ̀ ògiri nísàlẹ̀ wá dé àjà kẹrin, ó ti ki ọwọ́ bọ àárín irin fèrèsé, ó sì ti wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Òdòdó rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Èso kan ti là, ó ń fi kóró pupa inú rẹ̀ han ayé. Kò sẹ́ni tó gbìn ín. Lọ́dọọdún ni ẹ̀rọ agékoríko máa ń gé e dé gbòǹgbò, lọ́dọọdún náà ló máa ń padà wá.

"Mo ti já èyí tó tó sínú abọ́ yẹn," ni Ìyá Dìran wí. "Ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n tí mi ò fi lè gbo ó. Gbo ó kí o tètè mu tìrẹ, kí n mu tèmi. Ṣé o ò gbọ́ ẹ̀rọ agékoríko lẹ́yìn àká ni? Òní ni wọ́n ń gé ti apá ibí. Bó bá lọ, ó di òjò mìíràn."

Lóòótọ́, ìró ẹ̀rọ náà ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, kùn-ùn, kùn-ùn, bí oyin tí kò kánjú.

Ìbíyẹmí dúró síbi tó wà. Ohun tí kò lè sọ wà nínú rẹ̀, kò tíì tóbi ju àgbálùmọ̀ lọ. Ó ti lóyún rí, ó sì sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ nígbà tó ṣì kéré. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, Ìyá Dìran ti fi ọpẹ́ kárí àká láti òkè dé ilẹ̀, ó ti ń yan orúkọ. Oyún náà bà jẹ́. Èyí tó tẹ̀lé e náà lọ bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn ọpẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé ẹnu Màmá ló bà á jẹ́. Ìbíyẹmí náà kò sọ ọ́. Ó kàn ń rò ó ni, lójoojúmọ́. Nígbà tí ẹ̀kẹta dé, òun àti Dìran dìmọ̀ pé inú ni kó fi ara rẹ̀ hàn fúnra rẹ̀, a kì í sáà fi ẹnu polówó oyún. Dìran sì padà síbi iṣẹ́ odi òkun, ó di ìgbà tí iṣẹ́ bá tán.

Èyí tó burú jù ni pé bí Ẹlẹ́rìí bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, kò ní í fi mọ sí yàrá yìí. Wọ́n á gbé e lọ sí Ilé Ìkúnlẹ̀ ní òdìkejì ọ̀sà, níbi tí aboyún ti ń jókòó títí dọjọ́ ìbí, tí ọkọ kò lè dé, tí ìyá kò lè dé. Àwọn tó lọ ń bọ̀ pẹ̀lú ọmọ, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọn kì í rẹ́rìn-ín bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá sì gbé e lọ lónìí, wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ Màmá nìkan, nítorí kò sí ẹbí mìíràn nítòsí.

Ìyá-ìyá rẹ̀ ló sọ ọ̀rọ̀ ejìnrìn fún un nígbà tó ń di omidan. Ó ní, "Ejìnrìn máa ń fọ inú obìnrin mọ́. Kì í béèrè ohun tó bá níbẹ̀."

"Ìyàwó, ṣé o ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń gbo ewé ni?"

"Rárá, Màmá. Mo ní ṣé ká má kúkú fi wẹ̀? Mo gbọ́ pé ó dára fún wíwẹ̀."

"Ọmọ tí èéyi bá mú là ń fi wẹ̀. Ẹni tí ara ń yún, a gún un mọ́ ọṣẹ dúdú fún un. Ibà tó ti wọ eegun, mímu ni. Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi?"

Ìbíyẹmí bu omi sínú abọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbo ó. Kí ni ì bá tún ṣe? Omi náà dúdú, ó hó, òórùn kíkorò rẹ̀ gun imú rẹ̀. Ó tutọ́ sínú agolo ẹ̀gbẹ́ tábìlì. Ó sẹ́ omi náà, ó dà á sínú ife méjèèjì, ògiri gbà wọ́n, ó dé wọn, ìdérí ife tirẹ̀ nìkan sì ṣí.

"Ẹ̀yin tó ń fúnni," ni Ẹlẹ́rìí wí, "ẹ lè mu ún."

Kò mú un. Ó dúró tì í. Ó ń wo ife náà. Nísàlẹ̀, ẹ̀rọ agékoríko ti yí igun àká.

"Ara aláìsàn tún gbóná sí i," ni Ẹlẹ́rìí wí.

"Ó ń gbọ́," ni Ìyá Dìran wí. Ohùn rẹ̀ ti ń rẹlẹ̀. "Ó ń gbọ́, ó dúró. Ìbíyẹmí, kí ni mo ṣe fún ọ? Ṣé o rò pé mo fi májèlé sínú abọ́ náà ni? Àbí o fẹ́ kí n kú sínú yàrá yìí?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, Màmá."

"Mu ún nígbà náà."

Ìbíyẹmí gbójú sókè sí Ẹlẹ́rìí. Ó ti ronú láti sọ ọ́ sí Màmá létí, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ pé Ẹlẹ́rìí ń gbọ́ bí èèrà bá ṣe ń rìn? Ó fi ọ̀nà ẹ̀yìn gbà á.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ewé yìí lè pa ẹnikẹ́ni lára?"

"N kò mọ ewé yìí," ni Ẹlẹ́rìí dáhùn. "Ewé tó ń hù fúnra rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí wọ́n kọ́ mi lọ. Ìdí nìyẹn tí òfin fi ní kí ẹ kọ́kọ́ mu ún. Ara yín ni yóò sọ fún mi."

"Ara tèmi, ṣé ó lè gbà á?"

Ẹ̀gbà ọwọ́ Ìbíyẹmí, èyí tó ń ka ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tọ̀sán-tòru, lọ́ wọ́ọ́rọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Ohun tí ẹnikẹ́ni kò bá tíì fi ẹnu sọ fún mi," ni Ẹlẹ́rìí wí níkẹyìn, "n kò gbọdọ̀ mọ̀ ọ́n."

Òfin àwọn ìyá nìyẹn. Nígbà tí Ẹlẹ́rìí kọ́kọ́ dé, ó ń kí àwọn obìnrin kú oríire oyún lójú ọjà, níwájú ọ̀tá àti ọ̀rẹ́. Àwọn ìyá jà títí wọ́n fi pa á lẹ́nu mọ́. Wọ́n jà, wọ́n borí, wọ́n jó. Kò sẹ́ni tó rò ó dé ibi tí Ìbíyẹmí wà yìí. Ẹlẹ́rìí mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kò mọ ewé. Màmá mọ ewé, kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Òun nìkan ló mọ méjèèjì, òun náà ni kò sì lè lanu.

Ó yíjú sí ibùsùn. "Màmá, ẹ má bínú. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ọ́n dáadáa ni. Ejìnrìn yìí, ta ni kì í mu ún?"

Bí o bá fẹ́ kí Ìyá Dìran gbàgbé àìsàn, béèrè ọ̀rọ̀ ewé lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ìgúnpá gbé ara rẹ̀ sókè díẹ̀.

"Ta ni kì í mu ún? Aràn inú ọmọdé, ejìnrìn. Ìtọ̀ ṣúgà, ejìnrìn. Egbò tó kọ̀ tí kò jinná, lọ̀ ọ́ lé e. Bàbá Dìran mu ún títí ó fi kú, ikú tó sì pa á, kì í ṣe ibà. Ọmọdé ń mu ún, àgbà ń mu ún, ọkùnrin ń mu ún, obìnrin ń mu ún, àfi..."

Ó dúró. Ojú rẹ̀ bọ́ sára ọwọ́ Ìbíyẹmí, tó dúró sí ibi tí ìró rẹ̀ ti so. Ó kúrò níbẹ̀, ó lọ sára agolo tó tutọ́ sí, ó padà wá sójú rẹ̀. Ìbíyẹmí rí ọ̀rọ̀ náà bó ṣe gòkè wá, tó kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá náà, tó dé ètè. Ó mọ̀ pé ó ti parí. Ẹnu yìí kò di nǹkan kan mú rí. Ó ti ń rí ọkọ̀ Ilé Ìkúnlẹ̀ létí omi.

Ìyá Dìran pa ètè dé. Ọ̀fun rẹ̀ lọ sókè, ó wá sílẹ̀. Ó gbé e mì.

"Ẹ̀yin ìyá, ẹ kò parí ọ̀rọ̀ yín," ni Ẹlẹ́rìí wí. "Àfi ta ni?"

"Àfi ọ̀lẹ," ni Ìyá Dìran wí. "Ó korò jù fún ọ̀lẹ."

Ìyá Dìran ń wo àjà, ó ń mí gùlegùle. Lẹ́yìn náà ó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì le.

"Ẹlẹ́rìí, mi ò gbà."

"Màmá!"

"Mo gbọ́ ìkíní," ni Ẹlẹ́rìí wí. "Ẹ̀yin ìyá, ẹ rántí pé bí ẹ bá kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹni tó ń fúnni yóò jáde, ẹnikẹ́ni kò sì ní wọlé tọ̀ yín títí ibà yóò fi lọ, tàbí títí..."

"Mo mọ òpin rẹ̀. Mo ti gbó."

Ìbíyẹmí kúnlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. "Màmá, ta ni yóò máa fún yín lómi? Ẹ ò lè dá dìde. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo máa mu ún." Kò mọ̀ pé òun yóò sọ ọ́ títí ó fi sọ ọ́ tán. Ó dìde, ó mú ife náà, ó gbé e sẹ́nu. Ìfófòó kíkorò kàn án ní ètè.

Kò sẹ́ni tó lè sọ ibi tí agbára náà ti wá. Ìyá Dìran já aṣọ sílẹ̀, ó dìde, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá ife náà dànù. Omi ewé ta sí ògiri, ó ń ṣàn wálẹ̀.

"Mi ò gbà! Èkejì nìyẹn."

"Ẹ jọ̀ọ́, ìdí?" ni Ẹlẹ́rìí béèrè. "Òfin ní kí n béèrè."

Ìyá Dìran di ọwọ́ Ìbíyẹmí mú. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ gbóná bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná. "Ìdí? Ìyàwó mi ò mọ ewé gbo. Ó ń gbo ewé bí ẹni ń fọ aṣọ àwìn. Ọwọ́ rẹ̀ lọ́ra. Kò gbọ́n, kò mọ̀ràn, ọmọ mi ló sì lọ fẹ́ ẹ, mo wí wí, kò gbọ́." Bó ti ń bú u ló ń fi àtàǹpàkò pa ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń tu ọmọ nínú. Ìbíyẹmí ń sunkún, kò sì lè dá a lẹ́kun. Ó ti bínú sí obìnrin yìí fún ìgbà pípẹ́, ìbínú náà kò sì mọ ibi tí yóò dúró sí mọ́.

"Ìdí yẹn tó," ni Ẹlẹ́rìí wí.

"Ó tó. Mi ò gbà. Ẹ̀kẹta."

Ilẹ̀kùn ṣí. Afẹ́fẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọlé.

"Jáde," ni Ìyá Dìran wí. Ó tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì jókòó sí etí ibùsùn. "Má sáré lórí àtẹ̀gùn."

Ẹlẹ́rìí gbọ́ ìyẹn.

Ìbíyẹmí jáde, ilẹ̀kùn tì lẹ́yìn rẹ̀ láìpariwo, ilà pupa kan sì tàn láti òkè dé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé aláìsàn inú rẹ̀ kọ oògùn. Ó fi iwájú orí ti irin náà. Kò lè wọlé mọ́, ìyá tó wà nínú ilé kò sì lè jáde. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ tó ń wọ́ nílẹ̀ lọ sí ọ̀nà fèrèsé, ó gbọ́ tí ewé já.

"Ẹ̀yin ìyá, kí lẹ fi sẹ́nu?"

"Ẹ̀fọ́ ni."

"Ẹ pè é ní oògùn láìpẹ́ yìí. Ẹni tó bá dá oògùn mu, wọ́n á gba yàrá rẹ̀."

"Mo pè é bẹ́ẹ̀. Mo sì kọ̀ ọ́ níṣojú rẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun téèyàn ti kọ̀, ṣé ó ṣì jẹ́ oògùn rẹ̀?"

Ẹlẹ́rìí rò ó títí. "N kò mọ ewé yìí," ni ó wí.

"Mo mọ̀ pé o ò mọ̀ ọ́n. Jẹ́ n jẹun."

Ìbíyẹmí ì bá rẹ́rìn-ín. Ó wá gbọ́ ẹ̀rọ agékoríko. Ó ti dé apá ibí. Ó sọ̀ kalẹ̀, kò sì sáré, ọwọ́ rẹ̀ kan lára ògiri títí ó fi dé ilẹ̀.

Ẹ̀rọ náà ń rìn lẹ́bàá ẹsẹ̀ ògiri, ó rẹlẹ̀, ó fẹ̀, ó ń gbé gbogbo ohun tútù mì bó ti ń lọ. Ìdí ejìnrìn kò jìnnà sí i mọ́. Okùn kan ṣoṣo, tí kò nípọn ju ìka lọ, ló gbé gbogbo ewé tó wà lójú fèrèsé àjà kẹrin. Ìbíyẹmí lọ bá a. Ó jókòó sílẹ̀ lórí gbòǹgbò rẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, okùn náà wà láàárín ẹ̀yìn rẹ̀ àti bíríkì.

Ẹ̀rọ náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó dúró. Kì í fọwọ́ kan èèyàn, wọ́n kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í fo ibi kankan pẹ̀lú. Ó dúró síwájú ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń kùn, ó ń retí kó dìde. Bó bá dìde, yóò gé ejìnrìn náà. Ó kúkú na ẹsẹ̀.

"Ìyá Dìran o," obìnrin kan ké láti fèrèsé òdìkejì. "Mo gbọ́ pé ilà pupa wà lára ilẹ̀kùn yín. Kí ló dé? Kí ni ìyàwó yín sì ń ṣe nílẹ̀ yẹn?"

Ìbíyẹmí di ojú. Lókè, ohùn ìyá ọkọ rẹ̀ jáde, ó gbọ̀n, ewé sì kún ẹnu rẹ̀.

"Ọ̀lẹ ni. Ẹ jẹ́ kó jókòó."

Obìnrin òdìkejì dúró kó gbọ́ ìyókù, nítorí ọ̀rọ̀ Ìyá Dìran máa ń ní ìyókù. Èyí kò ní. Fèrèsé náà padà dákẹ́.

Okùn ejìnrìn fà lẹ́yìn Ìbíyẹmí. Ẹnì kan ń já ewé lókè. Ó dúró. Oòrùn yí kúrò lára ògiri, ẹ̀rọ náà ṣì ń kùn, okùn náà kò mì. Ìbíyẹmí gbé ọwọ́ lé ikùn, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé àgbàlagbà ni Màmá, ó lè ti sùn, kò ju oorun lọ. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà okùn náà tún fà, díẹ̀, bí ìgbà tí ọmọ bá ń fa ìró ìyá rẹ̀. Ìbíyẹmí kò dìde.